Ààwẹ̀ Tí Mummy Gbà fún Obìnrin Inú Ìwé

Òórùn àbẹ́là ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé màmá àgbà kan tí mò ń pè ní Mummy, ní Thamesmead nílùú London, kó tó wá kan ti ọbẹ̀. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ọbẹ̀ gan-an ò sí mọ́. Ọkọ wọn ti kú, Mummy sì pa oúnjẹ tì. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ síwájú wọn, wọ́n á ní, "Gbé e síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́." Irọ́ ni! Dókítà ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ara wọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ìwé ìtàn kan wà nínú báàgì mi tí mo máa ń kà nínú bọ́ọ̀sì láti Woolwich. Obìnrin kan ló ń dá ṣọ́ ilé ní erékùṣù jíjìnnà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé oúnjẹ wá fún un kò wá mọ́, ó sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí òrùlé. Kí ilé má baà dákẹ́ jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún Mummy, mò ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ọ̀rẹ́ mi, Mummy dìde jókòó! "Ta ló ń bá a gbàdúrà?" Mo ní ìtàn lásán ni. "Ìtàn kẹ̀? Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ò ń pè é ní ìtàn!"

Lọ́jọ́ kejì, sùtáná funfun ni mo bá lọ́rùn wọn. Wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀ fún obìnrin náà. Mo káwọ́ lérí. Ẹni tí kò jẹun látọjọ́ yìí ló tún wá ń gbààwẹ̀! Àmọ́ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà, orí mi sì bá mi ṣe é. Mo ní, "Mummy, ìgbà wo lẹ máa ṣínu?" Wọ́n wò mí bíi pé mo bú wòlíì. "Ọ̀sán ni. Ààwẹ̀ tí a ò bá ṣínu rẹ̀, ebi lásán ni." Nígbà tọ́sàn-án pọ́n, a ka Sáàmù, Mummy sì jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán pátá. Mo sá lọ sí kíṣìnì lọ sunkún ayọ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, èmi náà sì ń fa ìwé náà gùn bí mo ṣe lè ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá gbé obìnrin náà, halelúyà tí Mummy pa mú kí aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Wọ́n ti ń se ọbẹ̀ fúnra wọn nígbà yẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà kí ìyá mi tó kú n'Íbàdàn, mi ò sì lè lọ síbi ìsìnkú. Mo tilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá mi ní Woolwich, mi ò fẹ́ rí oúnjẹ sójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ kò-kò-kò. Mummy ni, nínú sùtáná, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, fúláàsì lọ́wọ́ kejì.

"Mo ti ń gbààwẹ̀ fún ẹ látàárọ̀. Mi ò lè dá ṣínu. Gbé abọ́ wá."

Mo gbé abọ́ wá. Ọkọ̀ tèmi ló gúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí bóyá mo ní ẹbí nílùú yìí, mo máa ń ní mo níyàá ní Thamesmead, mo sì dúpẹ́.