Ewúrẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Márùn-ún

Láyé ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọdún kejì, bí èèyàn bá wọ Pópó Yemọja tó béèrè Kúbúrá, wọ́n á ní Kúbúrá wo. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè Ìyá Olópòó, ọmọ ọdún mẹ́ta á fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Aládìrẹ ni. Ogójì ọdún ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, àtìgbà tí wọ́n sì ti kọ́ gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè ló ti ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ yà á sára aṣọ funfun, kí wọ́n tó gbé e lọ fún aláró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un, ibẹ̀ ló máa ń funfun. Òpó mẹ́fà ni Mápó tirẹ̀ máa ń ní, gbogbo rẹ̀ á sì gún régé, débi pé àwọn kan ń sọ pé òpó orí òkè yẹn gan-an ò gún tó ti orí aṣọ rẹ̀. Ìyá Olópòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sọ pé irọ́ ni.

Obìnrin náà kórìíra ohunkóhun tó bá wọ́. Ó lè dìde nídìí oúnjẹ kó lọ tún ẹní tí wọ́n tẹ́ sódì tẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ Èjìdé ń lọ sílé ọkọ, ó dá gbogbo àwọn aáfà dúró, ó ní fìlà ọkọ ìyàwó tẹ̀ sápá kan. Ìgbà tí wọ́n tún fìlà ṣe ni wọ́n tó so yìgì.

Ní Disẹ́ḿbà ọdún tí à ń wí yìí, ìyọnu méjì bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ wá láti Gbági. Ràbíátù Oníṣọ́ọ̀bù, tó ti ń bá a tajà láti ọjọ́ pípẹ́, gbé ogún aṣọ funfun wá, ó ní kó parí wọn kí Kérésì tó dé. Ó wá rọra fi ọ̀rọ̀ kan tì í.

"Ìyá, àwọn ọkùnrin kan wà l'Ábẹ́òkúta tí wọ́n ń fi páànù ṣe é. Wọ́n á gé páànù ní àwòrán, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fa ẹ̀kọ kọjá lórí ẹ̀, ó bùṣe. Mo ní rárá o, Ìyá Olópòó ni mo mọ̀. Àmọ́ bí ogún yìí bá fi lè pẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà ò ní dúró dè wá."

Ọ̀rọ̀ páànù yẹn wọ Ìyá Olópòó ní akínyẹmí ara. Ó mọ̀ pé bí páànù bá fi lè wọ ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní jáde mọ́, òun ló sì máa jáde.

Ìyọnu kejì ni họlidé. Kó tó di pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ta ló mọ họlidé nílé yẹn? Ọmọ ahunṣọ wà nídìí òfì, ọmọ ọlọ́jà wà nídìí àtẹ. Ìjọba wá kó gbogbo wọn lọ, ó há wọn mọ́ kíláàsì títí wọ́n fi gbàgbé iṣẹ́ ilé. Nígbà tó di Disẹ́ḿbà, ó tú gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọyẹ́, tàwọn ti ètè tó ti là, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe.

Èjìdé, tó ń ta bàtà ní Mọ́lété, kó àwọn mẹ́ta tirẹ̀ wá láàárọ̀ kùtù. Kò tiẹ̀ jókòó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú tó wọn. Ẹ̀yin kúkú wà nílé, ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá tí kò ṣe nǹkan kan yìí ti tẹ̀ síwájú aṣọ láti ìdájí, ìyẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún. Kó tó wá èsì tó tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, Èjìdé ti dé ojú ọ̀nà Mọ́lété.

Sàídì ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kúlúsúmù pé mẹ́jọ. Àbúrò wọn Gàfárù ò tíì wọ iléèwé rárá, àmọ́ wọ́n ti dán an wò: ọwọ́ rẹ̀ ti gba orí kọjá kan etí òdìkejì, nítorí náà Jánúárì ló máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n yí irin kẹ̀kẹ́ láti orí òkè Mápó, ó sì lọ parí ìrìn àjò rẹ̀ nínú àtẹ ẹlẹ́pà. Lọ́jọ́ kejì, Gàfárù fi ìka lá ẹ̀kọ adìrẹ, álọ́ọ̀mù kíkan tí wọ́n pò mọ́ ọn sì fún un lẹ́nu pọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn nìkan ni ọjọ́ tí ilé fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń ṣe bójúbójú lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, Kúlúsúmù forí gbá Mápó tí kò tíì gbẹ, òpó mẹ́ta sì bá irun rẹ̀ lọ.

Aládùúgbò wọn, Mísìsì Hilda Adéyẹ́misí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Páámárì Wáànù, ló gba Ìyá nímọ̀ràn. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò sí ariwo. Ó ti lẹ táìmù-tébù họlidé mọ́ ògiri fún ọmọ rẹ̀ méjèèjì: aago méje àdúrà, aago mẹ́jọ ìṣirò, aago mẹ́sàn-án ìwé kíkà. Aago mẹ́wàá ni eré, orí ìjókòó ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn," ni Mísìsì wí. "Ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ bá dí, ẹsẹ̀ ẹ̀ á jókòó."

Ìyá Olópòó kì í fẹ́ gbàmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tó tó bí lọ́mọ, àmọ́ ẹni tí iná ń jó kì í bi olómi ní ọjọ́ orí. Ó fa aṣọ funfun kan tó ní àbùkù yọ, èyí tí kò sí lára ogún Ràbíátù, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ adìẹ, ó tẹ́ aṣọ náà fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé.

"Mápó ni kẹ́ ẹ yà. Òpó mẹ́fà. Kó gún."

Àwọn ọmọ náà dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi wà lórí aṣọ yẹn, Ìyá sì ráyè gbájú mọ́ iṣẹ́ Ràbíátù. Ohun tí wọ́n ń yà ni kò ṣeé wò. Òpó Sàídì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ẹlẹ́mu. Kúlúsúmù ya tíṣà kan síwájú Mápó, pàṣán ọwọ́ rẹ̀ sì ga ju tíṣà lọ. Ti Gàfárù ló burú jù. Ewúrẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n yà, gbogbo ewúrẹ́ náà ló ń gun òkè Mápó, ẹsẹ̀ márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní.

"Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún," ni Ìyá wí. "Ta ló bí i?"

"Ó ń sáré ni, Ìyá Àgbà. Tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń pọ̀."

Ìyá fi oríkèé ìka kàn án lórí, kó, kó, kó, kó. "Mẹ́rin ni. Kà á." Gàfárù kà á, ó nu ojú, ó sì tún ya ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń fi ọwọ́ òsì bo orí, ó ń fi ọ̀tún ya ẹsẹ̀ karùn-ún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Kérésì dé nígbà tí ogún aṣọ pé. Ẹ̀kọ ara adìrẹ, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́, ńṣe ló máa ń là bí ètè ọmọ, nítorí náà aládìrẹ kì í ṣí aṣọ tó ti ká wò mọ́, kí ẹ̀kọ má baà ṣí kúrò. Kíkà nìkan ló máa ń kà á. Sàídì bá Ìyá ká aṣọ, ó kó gbogbo èyí tó rí jọ. Ìyá kà á, ó pé ogún géérégé, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n gbé e lọ fún Àṣàkẹ́ Aláró ní Bẹyẹrúńkà. Aláró kì í sì í bi aládìrẹ léèrè ohun tó yà. Àṣàkẹ́ rẹ ẹ́, ó sá a, ó lù ú. Nítorí pé ọjọ́ ti lọ, tààrà ló kó o lọ sí Gbági.

Ọjọ́ kejì Kérésì ni Ìyá Olópòó dé ẹ̀yìn ògiri, tó rí aṣọ tirẹ̀ kan tó ṣì wà lórí okùn. Ó wò ó, ó ṣírò ó lọ́kàn, ó wá aṣọ àwọn ọmọ títí, kò rí i. Ìgbà náà ló yé e pé ti àwọn ọmọ ló bá àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún, orúkọ òun ni wọ́n fi gbé ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún lọ sí ọjà. Ó wé gèlè, ó forí lé Gbági, ó ń ka ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu lọ lójú ọ̀nà.

Ràbíátù ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí àrà yìí? Obìnrin mẹ́ta ló jà lé e lórí. 'Ewúrẹ́ Gun Mápó' ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀kan ní òun mọ ewúrẹ́ náà, onílé òun ni. Èkejì ní irọ́ ni, ìyàwó tí ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ni."

"Àwọn mọ́kàndínlógún yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ń bẹ nílẹ̀, Ìyá. Wọ́n gún dáadáa." Ràbíátù fà á mọ́ra. "Ọgbọ̀n irú ti elewúrẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí Jánúárì tó tán. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, màá ní káwọn elépáànù gbìyànjú."

Ó dun Ìyá Olópòó. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ na nǹkan kó lè tọ́, kí aráyé wá fi í sílẹ̀ tọ wíwọ́ lọ, bí kò bá dùn ún, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n ó rántí páànù. Ó gba ọgbọ̀n aṣọ funfun. Nígbà tí Mísìsì Hilda kí i kú oríire àrà tuntun, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń rò ó.

Ní Jánúárì, ó jókòó ti ewúrẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ya mẹ́rin, ó dúró. Ó fipá mú un ya ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ náà gún bí ọ̀pá tí wọ́n fi gbé ẹran ró. Ó gbé ìyẹ́ sí ọwọ́ òsì, òsì náà ti kọ́ ọgbọ́n lára ọ̀tún. Ó gbé aṣọ mẹ́ta lọ han Ràbíátù, ìyẹn wò ó pẹ́.

"Ìyá, ewúrẹ́ yìí ti gbẹ̀kọ́ jù. Ó dà bíi pé ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi."

Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ti padà sí ọ̀dọ̀ ìyá wọn, iléèwé ti wọlé. Ìyá Olópòó, tó ti fi ìjọba ré nítorí họlidé, rọra lọ dúró lójú fèrèsé Mísìsì Hilda.

"Mísìsì, ìgbà wo lẹ tún máa fún wọn ní họlidé?"

"Ìyá, wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì."

Nígbà tó di Sátidé, ó ránṣẹ́ sí Èjìdé pé kó gbé Gàfárù wá. Èjìdé rò pé ara ìyá rẹ̀ ò yá. Ọmọ náà dé nínú kákí tuntun, Ìyá fún un ní àkàrà gbígbóná, ó tẹ́ aṣọ fúnra rẹ̀, ó gbé ìyẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọgbọ̀n aṣọ funfun ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò tíì fọwọ́ kan ju mẹ́ta lọ lára wọn.

"Ya ewúrẹ́ ẹ, ọmọ mi. Bó o ṣe máa ń yà á."

Gàfárù yọ ahọ́n síta, ó tẹ̀ sí aṣọ. Kò fi ọwọ́ bo orí. Ó ya òkè, ó ya òpó mẹ́fà. Ó ya ewúrẹ́, ẹsẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó gbé ìyẹ́ sílẹ̀.

"Ó ku kan," ni Ìyá wí.

"Kò kù, Ìyá Àgbà. Mẹ́rin ni."

"Eléyìí ń sáré kẹ̀."

"Tó bá ń sáré náà, mẹ́rin ni."

"Ta ló sọ fún ọ? Tíṣà yín?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà." Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí Tíṣà bi wá pé ẹsẹ̀ mélòó ni ewúrẹ́ ní, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ó dúró, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ àgbà náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Olópòó wo ewúrẹ́. Ó dúró ṣánṣán lórí òkè Mápó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé bí òpó. Kò sí ibi tó ń sáré lọ mọ́.

"Ó dára," ni Ìyá wí. Ó sì pàtẹ́wọ́.