Nígbà Tí Owó Iṣẹ́ Abẹ Bàbá Pòórá Lójú Fóònù

Ọ̀kadà ló gbé bàbá wa ṣubú lọ́nà Igbesa, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti oko. Egungun itan wọn ṣẹ́. Ọsibítù aládàáni kan ní Ọ̀tà la gbé wọn lọ. Wọ́n ní dókítà eegun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ san ìdajì owó iṣẹ́ abẹ náà kó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú páálí lókè òkun, ní kí n fọkàn balẹ̀. Bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fi máa ń fowó ránṣẹ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi nọ́ńbà gígùn kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì kan, n óò máa rí owó náà bó ṣe ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì rí i lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣì ń dúró de ìfọwọ́sí, pé kò tíì di owó mi.

Iléeṣẹ́ oníke kan ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdérí ìgò ni mò ń yẹ̀ wò. Wọn kì í fẹ́ rí fóònù nídìí ẹ̀rọ, nítorí náà mo fi tèmi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mo ń sá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ láti wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó, ó ṣì ń dúró. Nígbà kẹrin, wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Kò sì sí kọ́bọ̀ nínú àpò bítíkọ́ìnì mi lórí fóònù.

Mo pe àbúrò mi títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Màmá pè láti ọsibítù pé nọ́ọ̀sì tún ti bèèrè, pé bàbá ń geyín mọ́ aṣọ ìbùsùn nítorí ìrora. Mo ní owó wà lọ́nà.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọlé. Mo rántí pé àbúrò mi ti fowó iléèwé ta tẹ́tẹ́ rí, nígbà tí kò tíì gbọ́n. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i: “Bó o bá ti ná owó yẹn, sọ fún mi. Má fi ẹ̀mí bàbá wa ṣeré.”

Bí a ṣe ṣíwọ́, mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ní Sango lọ. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo fóònù mi pẹ́.

Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti jí i ni?”

“Rárá. Owó ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń gbà kí owó tó lè kọjá, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ́kọ́ san kéré, ìyẹn ló ń dá a dúró. Ó ti fi kún un, ó tún un rán. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti kú, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀.”

Wọ́n fi nọ́ńbà àpò mi wá tuntun náà, wọ́n sì fi hàn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé bó ṣe yí i padà, ó tún lè yí i gba ibòmíràn, pé kí n má pè é ní tèmi títí ìfọwọ́sí yóò fi dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo ń wo fóònù. Nígbà tí wọ́n ń pèrun Mọ́gàríbì ni owó wọlé. Ọkùnrin náà ṣẹ́ ẹ sí náírà fún mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọsibítù.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá ti ń fọ̀pá rìn báyìí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni àbúrò mi pè. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn náà mú fóònù wọ yàrá ẹja; àsìkò ìsinmi ráńpẹ́ ló ti sáré tún owó náà rán. Ó ti gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́.

Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé owó ti dé?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ẹ̀rù ló bà mí. Àmọ́ láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ fi ohunkóhun ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ owó gáàsì, á ti kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n tó bèèrè. Mo ti fẹ́ sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnu mi kò gbà á.