Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyá Àgbà

Òòyà já bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà mi, ó bà mí léjìká, ó sì balẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ wọn, òórùn òróró àgbọn gba orí mi kan, àwọn ọkọ̀ epo ń fọn fèrè lọ sí Kírìkírì. Mo rò pé wọ́n ń tòògbé ni. Mo mú òòyà fún wọn. Ó tún bọ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ya olè.

Irun dídì ni iṣẹ́ wọn. Gbogbo àdúgbò wa ní Àmùkòkò ló mọ ṣùkú wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tún gbìyànjú láti dirun lẹ́yìn tí egbò ọwọ́ wọn jinná.

Ibà ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Olódì-Àpápá. Nọ́ọ̀sì fa omi sí wọn lára, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò sí nínú iṣan. Abẹ́ awọ ni oògùn ń dà sí. Èmi àti ìyá mi wà níbẹ̀. Ọwọ́ ń wú, ìyá àgbà ń ké.

“Nọ́ọ̀sì, ó ń jó mi bí iná o!”

“Màmá, ẹ fara balẹ̀ jàre, dókítà ń bọ̀.”

Nígbà tí dókítà fi máa dé, ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti dúdú. Nígbà tó yá, egbò jinná, àmọ́ àwọn ìka ò ká mọ́. Dókítà ní ọjọ́ orí ló fà á.

Ìyá àgbà wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú mi dání, a lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Àpápá. Obìnrin náà gbọ́ wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

“Màmá, ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ adájọ́ á fẹ́ kí dókítà mìíràn wá ṣàlàyé pé wọn ò tọ́jú yín bó ṣe yẹ.”

A wá dókítà lọ. Ọ̀kan gbá ọwọ́ wọn mú, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó mí kanlẹ̀. “Wọ́n fìyà jẹ yín, màmá.”

“Ṣé ẹ máa wá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù?”

Ó fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Dókítà bíi tèmi ni. Ẹ má bínú.”

Pásítọ̀ wa wá sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni dókítà tó ni ilé ìwòsàn yẹn ń lọ. Pásítọ̀ ní ká fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bàbá mi, tí ìyá àgbà bí, sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé Ọlọ́run ló gún mi lábẹ́rẹ́ ni?” Ìyá àgbà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kí dókítà yẹn ṣáà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.”

Bàbá mi ń bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n má pẹjọ́, ìyá àgbà ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, títí agbẹjọ́rò fi ránṣẹ́ pé àkókò tí òfin fi sílẹ̀ láti pẹjọ́ ti kọjá. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ò sọ pé àwọn jẹ̀bi títí ìyá àgbà fi kú. Ó wá síbi ìsìnkú, ó gbàdúrà, àwọn èèyàn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Ní ilé ìwòsàn, mo máa ń bèèrè oògùn tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi, mo sì máa ń bèèrè ibi tí ẹni tó fẹ́ gún un ti kọ́ṣẹ́. Oníwàhálà ni wọ́n ń pè mí. Mo gbà. Èyí tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e ni inú tó ń bí mi sí bàbá mi. Èmi ni mò ń mú wọn lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. A máa jókòó ti ara wa lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kankan nínú wa kì í sọ̀rọ̀ ìyá wọn.