Wọ́n Ní Áátò Ni Mí

Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ sopuránò, ohùn obìnrin tó ga jù, nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò dán ohùn mi wò. Sopuránò ni màmá mi ń kọ kí wọ́n tó kú, àwọn ará kúáyà sì ní kí n bọ́ sí àyè wọn.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní ipa ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè nínú eré olórin kan ní Yábàá, mo rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Orin mẹ́sàn-án ni obìnrin náà ń kọ, òkè téńté sì ni gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ìdánrawò, ohùn mi ti ń há. Mò ń jẹ atalẹ̀, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Àǹtí tó ń kọ́ wa lórin ti fura. Nígbà táwọn yòókù jáde, wọ́n jókòó sídìí kíbọọ̀dù, wọ́n ń gbé ohùn mi gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo dé ibi tó ga jù nínú orin náà.

"O débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò lè gbébẹ̀. Ibẹ̀ sì ni obìnrin yìí ń gbé fún wákàtí méjì."

Wọ́n wá mú mi sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn mi kún inú yàrá, kò sì ni mí lára rárá.

"Áátò ni ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni tìẹ. Ta ló ní sopuránò ni ẹ́?"

"Màmá mi ni wọ́n ń kọ ọ́, mà."

Wọ́n pa kíbọọ̀dù, wọ́n ní àwọn máa fi ẹlòmíì sí ipa ìyàwó náà. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mò ń retí ẹkún, kò wá.

Nítorí pé mo ti mọ àwọn orin náà, èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọmọbìnrin tó gba ipa yẹn. Ibi tó ti ń há mi lọ́fun, ńṣe ló ń gbabẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí ni?"

"Báyìí ni."

Mi ò jowú, inú mi ò sì dùn.

Ipa ìyá ọkọ ni wọ́n fún mi dípò rẹ̀, òun ni mo ṣe lọ́jọ́ eré, orin kan ṣoṣo, nísàlẹ̀. Bàbá mi wá láti Súrùlérè. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní, "Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin ẹ lónìí. Tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni mo máa ń gbọ́."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwúrí ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ra bọ́ọ̀lì, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.