Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá Láyọ̀

Kì í ṣe torí pé ọkọ mi ni, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: ní gbogbo Berea, àdúgbò wa, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà bíi Túbọ̀sún. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa lọ́rì láti Ìlọrin dé Sókótó kí a tó kó wá sí Johannesburg. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ó rí i pé apá ọ̀tún ni sítíárì wà níbí, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń yí jíà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Láyọ̀, wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, òun làwọn èyí fi ń wakọ̀!" Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọwọ́ òsì ọ̀hún ti mọ̀ ọ́n.

Fíríìjì ló ń tún ṣe. Á ra àwọn tó ti bàjẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì Midrand, á tún wọn ṣe nínú gáréèjì tí a háyà lẹ́yìn ilé, á sì gbé wọn lọ fún àwọn tó ń ta ohun mímu ní Alexandra. Èmi ni mò ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, torí ẹnu mi mú, tiẹ̀ ò mú.

Ní ọdún 1994, ní oṣù kan ṣáájú ìdìbò, fíríìjì kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì já lu orúnkún òsì rẹ̀. Ìṣojú mi ni dókítà ṣe sọ ọ́. Ó ní orúnkún náà ò ní padà sí bó ṣe wà mọ́, pé tó bá tún ń fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, kí ọdún tó yípo, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Àsìkò yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì akẹ́rù wa rí i pé ó yẹ kí òun kú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: láìsí ọkọ̀, kò síṣẹ́. Tó bá sì ra ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ló máa fi san án.

Bọ́ọ̀sì méjì la bá lọ́gbà àwọn tó ń ta ọkọ̀. Mánúà ni funfun, ọtomátíìkì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ni eléérú. Gbọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tẹ̀ lé wa lọ, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"Ọtomátíìkì kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Tí bátìrì bá kú, ẹ ò lè tì í kó jí. Tí jíà ẹ̀ bá bàjẹ́, mẹkáníìkì mélòó ló mọ inú ẹ̀? Ọkọ̀ àwọn màdáámù nìyẹn."

Ká sòótọ́, kò purọ́ lórí bátìrì àti mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná. Mo ní, "Gbọ́lá, ṣé orúnkún tìẹ ni?"

Túbọ̀sún ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì funfun yẹn bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ní òun fẹ́ wà á wò.

Èmi ni mo jókòó tì í. A dé òkè tó wọ Berea, róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, sì dá wa dúró. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ń retí kí iná yí padà. Mo rí i tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Lójijì orúnkún náà já a kulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ta kìjí, ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn lọ. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo lẹ́yìn wa kígbe, "Eish, baba!" Túbọ̀sún fa búréèkì ọwọ́. Ó kù díẹ̀ ká gorí ààrò ìyá onágbàdo.

Èmi Fasilat di ilẹ̀kùn mú ṣinṣin. Túbọ̀sún gbórí lé sítíárì, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí ò gbọ́ tèmi mọ́." Ọjọ́ yẹn náà ló ra eléérú.

Mo rò pé ó ti parí. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé fíríìjì lọ sí Alexandra, ó fẹ́ rọra dín eré kù níbi kọ́nà, ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bá gbéra fúnra rẹ̀ lọ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀. Búréèkì ló gbá mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan, fíríìjì lu ẹ̀yìn wa gbàá, onítaksí tó wà lẹ́yìn bú ìran wa látòkè délẹ̀. Kí a tó dé ibi tí à ń lọ, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá ẹsẹ̀ náà jà. Ó bọ́ bàtà ẹ̀, kò yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a nínú ọkọ̀, ó ń fi okùn tí a fi ń di fíríìjì so ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ìdí àga. Mo ní, "Ẹ gbà mí! Bàbá Láyọ̀, ṣé ẹ ti di ẹran iléyá ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tí mo fi mọ̀, ẹkún ni mò ń sun. Ó dùn mí gan-an. Ọkùnrin tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ láàárín àwọn onílọ́rì, òun ló wá ń so ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ àga.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó mú mi lọ sí pápá ilé ìwé kan tó ṣófo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tiro yí iwájú ọkọ̀ ká, ó dúró lẹ́bàá mi.

"Sún sídìí sítíárì."

"Èmi kọ́. Èmi àti ọkọ̀ ti kọ ara wa sílẹ̀." Ó mọ ìdí. Nígbà tó ń kọ́ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo wó géètì ṣọ́ọ̀ṣì lulẹ̀, àwọn ará àdúrà sì ń wò mí láti ojú fèrèsé.

"Kí ló dà ọ́ láàmú nígbà yẹn?"

"Kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Fi hàn mí nínú èyí."

Mo wo ìsàlẹ̀. Ohun méjì péré ló wà níbẹ̀: búréèkì àti èyí tí a fi ń fún ọkọ̀ níná.

Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹsẹ̀ mi fi mọ nǹkan kan, kò lè gbàgbé. Tìẹ ò mọ nǹkan kan rárá. Irú tìẹ gan-an ni ọkọ̀ yìí ń wá."

"Ẹ gbọ́ èébú!" ni mo wí, ṣùgbọ́n mo sún.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo gba láísẹ́ǹsì. Ìgbà kejì ni mo tó yege, ẹ má bi mí nípa ti àkọ́kọ́. Gbọ́lá rí wa ní róbọ́ọ̀tì, ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ló ń wà yín?" Túbọ̀sún dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá tó tó ọ̀gá, ó máa ń ní dírẹ́bà." Mo gbádùn ìyẹn.

Ọjọ́ kan ni mo wá ṣàkíyèsí ohun kan. A ń gun òkè Berea, òun ní apá òsì, ẹrù ń bẹ lẹ́yìn. Bí jíà ṣe fẹ́ yí fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e sókè pẹ̀lẹ́. Ẹnu mi yún mi. Mo ní, "Bàbá Láyọ̀, ṣé ẹ ti yí jíà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi délé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n mi jẹ. Gbogbo ohun tó kù fún un nínú ọkọ̀ wíwà nìyẹn, èmi ni mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé ìdí òkè náà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀. Mo ń dúró de ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn wa ń fun fèrè. Ó wò mí, mi ò wò ó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì.

"Jíà ti wọlé," ló wí.

Mo fún ọkọ̀ níná, a gun òkè lọ.