Èérún Dídán Tí A Ṣe Sàráà Lé Lórí

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ayé mi wà nínú ẹ̀kán omi kan tí kò tó orí ìṣó. Ọdún 2009 ni, ní yàrá ìwádìí kan ní Abidjan. Iṣẹ́ mi ni kí n yọ énsáìmù kan lára ìwúkàrà, èròjà tí ìwúkàrà náà fi ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn amino ásíìdì tó fi ń kọ́ ara rẹ̀, kí n sì mú un dì di kírísítà bí èérún ṣúgà, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ X-ray wo ìrísí rẹ̀. Láìsí kírísítà, kò sí oyè dókítà. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, ẹ̀kán omi mi kàn ń funfun bí omi ògì ni. Ó sú mi débi pé mo ń bá abọ́ tí ẹ̀kán náà wà nínú rẹ̀ jà.

Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé, kò mọ ohun tó ń jẹ́ énsáìmù, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan kò lè lọ kó má béèrè pé, "Alors, báwo ni, ó ti dì?" Nígbà tí ọ̀kan ṣoṣo yọ, tó ń dán yinrinyinrin, èmi aláìnísùúrù pe bàbá mi kí n tó pe ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: bó bá rún, ojúlówó ni, bó bá le, iyọ̀ inú omi náà lásán ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti pe àfáà àti àwọn ará ìlú wa sí sàráà ọjọ́ Jímọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọ́ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣàdúrà lé lórí? Mo bẹ ọ̀gá mi, a sì fi í ránṣẹ́ síbi ẹ̀rọ X-ray ní Faransé láìtẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ sàráà, àwọn ará ìlú wa jẹ mààsà, wọ́n jẹ ẹran, àfáà gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Èsì dé: iyọ̀ ni. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún. Bàbá mi ní, "Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni." Ni àwọn ará ọjà bá ń kí mi kú oríire, "Félicitations, dókítà wa!", mo ń fi ẹ̀rín gbé e mì. N kò rí òmíràn títí àkókò mi fi tán. Mo di olùkọ́ ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn kan lókè òkun ti rí ìrísí énsáìmù náà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo fi í han bàbá mi lórí kọ̀ǹpútà. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

"Ó mà dára o. Tìẹ ni?"

"Rárá, Bàbá. Ti àwọn ẹlòmíràn ni."

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó ṣòro fún mi láti sọ tó ìdáhùn yẹn.