Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ tó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ìbáà jẹ́ pé orí ẹní ló ṣì ń rá, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó. Ìyàwó á wojú rẹ̀, á wo ìrìn rẹ̀, á wá orúkọ tó dùn kan fún un, ìyẹn ni yóò sì máa pè é títí ilẹ̀ yóò fi pa wọ́n mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ládé ṣe nígbà tó ti Ìsẹ́yìn wá fẹ́ Àdìgún sí Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, Eyínfúnjowó ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, gàgàrà kan báyìí tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, Agùntáṣọọ́lò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí tó ń wọn gàrí àti ẹ̀gúsí lọ́jà, Òpéléńgé. Tíṣà ni Mọ́ládé o, ó ka ìwé débi tí ìwé ń dé, èdè Faransé ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan nínú ìlú. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ pé kéèyàn má mọ ilé ọkọ.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé rí. Inú ìwé ló ti kọ́ ọ, inú ìwé náà ló sì ń bù ú fún àwọn ọmọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, ọ̀gá iléèwé, ti sọ ọ́ sí i lójú pé bí ti ọdún yẹn kò bá yàtọ̀, òun yóò yọ Faransé kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́.

“Tíṣà, ṣaworo tí kò dún, kí la so ó mọ́ ajá lọ́rùn fún?”

Mọ́ládé padà sí kíláàsì.

Ọdún 1984 ni, ọdún tí ìjọba ti bodè. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni lẹ́tà kan dé láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ n'Íbàdàn. Wọ́n fẹ́ mú olùkọ́ Faransé mẹ́ta, mẹ́ta péré, kí wọ́n lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ sí i ní Dàkár, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé rẹ ọmọ lẹ́kún, tí wọ́n sì ń fi í bú olè. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ṣèwádìí bí àwọn ènìyàn àdúgbò rẹ̀ ṣe ń kọ́ èdè àjèjì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá iléèwé rẹ̀ buwọ́ lù ú, kó sì gbé e dé Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tó lù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù.

Mọ́ládé mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òpéléńgé kò rí ẹnu ọ̀nà iléèwé rí, síbẹ̀ bó bá ń bá àwọn oníbàárà tó wá láti Pàràkú, lódìkejì bodè, jà, Faransé ló fi ń jà, òun ló sì máa ń borí. Mọ́ládé gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ó ṣí ìwé, ó ń wò.

Ohun tó rí nìyí. Bí wọ́n bá ń wọn gàrí fún ará Pàràkú, sókè ni wọ́n ń kà á, ní Faransé, kóńgò kan tẹ̀ lé òmíràn, bí orin. Ẹni tó bá ṣì í kà, kò sí pé wọ́n ń gbójú fò ó. Gbogbo ìsọ̀ ni yóò hó yèè: “Dà á padà sápò!” Gbogbo gàrí tó ti wọ̀n ni yóò dà padà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Òpéléńgé ní ìgbà tí òun ń kọ́ ọ, òun da àpò kan padà nígbà mẹ́sàn-án, ọwọ́ òun wú. “Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó, bí mo bá ń sùn, bí ẹ bá jí mi, màá kà á.”

Mọ́ládé fi bírò sílẹ̀, ó ń ronú. Nínú kíláàsì tòun, bí ọmọ bá ṣì í, òun a fa igi pupa, òun a sì kọjá lọ.

Ó wá ń kọ gbogbo rẹ̀, ti àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ tó ń ná ọjà náà. Ẹni tó gbọ́ èdè náà, ẹni tó fi kọ́ ọ, ìlú tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tó gbé lọ tà, ọ̀nà tó gbà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣe àṣìṣe. Bodè ti tì, ọjà sì ń kọjá. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n ń gbé e gbà.

Eyínfúnjowó wá bá a nídìí ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Ìyàwó, kí lò ń kọ látàárọ̀ bí akọ̀wé kóòtù?”

“Iṣẹ́ iléèwé ni, ọkọ mi.”

“Iléèwé wo ló ń béèrè ọ̀nà oko?”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Èdè ni mò ń wá, kì í ṣe ẹrù.”

“Ó dáa. Ọjọ́ tó o bá kó wa sí ọ̀fìn, wàá gbọ́ Faransé lẹ́nu mi.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Eyínfúnjowó kò rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ Ẹtì pé. Ọjọ́rú ni, ọjà sì kún. Àfi bí ọkọ̀ láńdúróbà àwọn aṣọ́bodè ṣe já wọ àárín ọjà gbì! Ẹni tó ní ẹsẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹni tó ní ẹrù ju ẹrù. Mọ́ládé nìkan ló jókòó, nítorí kò rò pé òun ní ohun tóun ń sá fún. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin onírun-ètè kan, rí ìwé lórí itan rẹ̀. Ó mú un, ó ṣí i, ó kà á, ó tún padà kà á.

“Ìwé yìí ń bá wa lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bọ̀.”

Yàrá kékeré kan ni wọ́n mú un lọ létí ọ̀nà. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru. Ọ̀gá náà fi ìka lé ojú ìwé.

“Tíṣà, kò sí orúkọ ènìyàn gidi kan nínú ìwé yìí.”

“Orúkọ tí mò ń pè wọ́n nìyẹn, sà.”

“Mo mọ̀. Ọmọ Yorùbá lèmi náà. Àjílọ́ṣọ̀ọ́ ni ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.” Ó tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀. “N ò bá àwọn obìnrin wọ̀nyí jà. Ẹnìkan ni mò ń wá, ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù dé ẹ̀gbẹ́ igbó. Ta ni Agùntáṣọọ́lò?”

Mọ́ládé wo ojú ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: Agùntáṣọọ́lò ló gbé wọn dé ìdí igi arère, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn.

“Ìwé yìí, ẹ ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí rẹ̀ n'Íbàdàn. Orúkọ kan péré, ẹ gbé ìwé yín, ẹ máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Dàkár wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, kò jìnnà sí i ju gígùn apá kan lọ. Ó rántí Ládòkun àti ṣaworo rẹ̀. Ó rántí Agùntáṣọọ́lò, tó gbé e pọ̀n la àgbàrá kọjá lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, tí Àdìgún wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pe ọkùnrin yẹn lórúkọ rí. Ṣé ibí ni yóò ti wá bẹ̀rẹ̀?

“Sà, ká ní ìyá yín ló jókòó síbí, tí wọ́n ní kó pe Àjílọ́ṣọ̀ọ́ lórúkọ, kí lẹ máa ní kó ṣe?”

Ojú ọkùnrin náà le koko. “Má fi ìyá mi sí i. Ṣé o máa sọ àbí o ò ní í sọ?”

“N ò ní í sọ.”

“Ìwé ń sùn síbí nìyẹn.”

“Kó sùn, sà.”

Ó dìde, ó jáde. Kò wẹ̀yìn, nítorí bó bá wẹ̀yìn, yóò padà.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Gbogbo agboolé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ẹnìkan ò dáhùn. Agùntáṣọọ́lò dúró sẹ́yìn, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó ń wo ilẹ̀.

Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ta lo pè?”

“N ò pe ẹnì kankan, ọkọ mi.”

“Wọ́n mú ẹ, wọ́n tún fi ẹ́ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́?”

“Ìwé mi ni wọ́n gbà.”

“Ìwé nìkan, o ò sì pe ẹnì kankan!” Ẹnìkan pòṣé láàárín èrò. Orí ìkúnlẹ̀ ni Mọ́ládé ṣì wà. Ẹ̀rí wo ni yóò mú wá?

Ibẹ̀ ni Òpéléńgé ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àtẹ ọsàn lórí. “Kò pe ẹnì kankan! Abẹ́ fèrèsé ni mo wà, mò ń bó ọsàn bí ẹni tó ń tà á. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n dẹ́rù bà á, ó ní kí ìwé sùn.”

“Ó dá ẹ lójú?” Eyínfúnjowó bi í.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ ṣọ́ ọ! Ṣé ẹ tún fẹ́ rán ẹlòmíràn ni?”

Eyínfúnjowó yọ gèlè, ó tún un wé, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára.

“Ìwé yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ń fẹ́ ẹ?”

“Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iléèwé lọ́la ni ọ̀gá máa buwọ́ lù ú. Ó ti tán, ọkọ mi. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni.”

“Dìde. Oòrùn ò tíì kúrò lójú ọ̀run. Lọ mú ìwé mìíràn wá. Ẹ̀yin ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ẹnìkan sọ tirẹ̀ tán, ẹnìkejì gbà á. Bí ẹnìkan bá fẹ́ dárúkọ ẹrù tàbí ọ̀nà, Eyínfúnjowó á gbá a lẹ́nu. “Bó o ṣe gbọ́ èdè ni kó o sọ!” Bírò Mọ́ládé ń sáré, ojú rẹ̀ ń wo oòrùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí ibi tí wọ́n ti ń ka kóńgò, ó fo iye kan.

“Dà á padà sápò!” Gbogbo wọn ló pa á pọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú—”

“Láti orí ẹyọ kan, Ìyàwó.”

Ó fa ojú ìwé náà ya, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ka ìwé náà lórí ìdúró. Ó ka ibi tí wọ́n ti ń da gàrí padà lẹ́ẹ̀mejì. Agogo ìṣíwọ́ ti ń dún kó tó wá bírò rẹ̀ rí. Ó buwọ́ lù ú. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, Agùntáṣọọ́lò gbé báàgì Mọ́ládé dé garéèjì, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra. Táyà jò kí wọ́n tó dé Ìsẹ́yìn. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ìwé bọ́ sórí tábìlì n'Íbàdàn. Obìnrin tó gbà á ṣí i wò, ó fajú ro.

“Irú orúkọ wo nìwọ̀nyí? Ta ni wọ́n?”

“Àwọn olùkọ́ mi ni, mà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n mú un. Ìwé àkọ́kọ́ kò padà láti ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè títí di òní, Agùntáṣọọ́lò náà kò sì gba ọ̀nà ìdí igi arère mọ́. Lọ́jọ́ tí Mọ́ládé ń lọ wọ ọkọ̀ òfurufú, Eyínfúnjowó di gàrí kóńgò kan sínú ọ̀rá fún un, ó sì fà á létí bí ọmọdé.

“Bó o bá dé ọ̀hún, bá wa kí wọn. Ṣùgbọ́n má pe orúkọ o.”